Kí Ẹ Tó Ra Ilẹ̀ ní Ìlọrin, Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ọwọ́ Tí Yóò Ṣiṣẹ́ Níbẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ilé iṣẹ́ wá sí Ìlọrin, nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè: èló ni ilẹ̀, wákàtí mélòó ni iná fi ń wà, báwo ni ọ̀nà ṣe rí. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́ kéèyàn bèèrè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí yóò darí ẹ̀rọ, tí yóò tún un ṣe, tí yóò kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń rántí rẹ̀. Ẹ̀rọ á ti dé láti Apapa, á ti jókòó sínú ilé, ẹ̀rọ á máa wo ọ̀gá, ọ̀gá náà á máa wo ẹ̀rọ.

Tèmi ni pé ọwọ́ yẹn gan-an ni ọjà tí Ìlọrin ní láti tà. Ilẹ̀ wà ní Ṣàgámù, rélùwéè tuntun wà ní Ìbàdàn. Ìlú tí èèyàn ti lè rí ẹni tó kàwé nípa ẹ̀rọ àti ẹni tó fi ọdún gbọọrọ ṣe ọmọ iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, tí wọn ò jìnnà síra wọn, tí owó ilé kò sì tíì lé wọn kúrò nígboro, ìyẹn ni kò pọ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà yàn wọ́n, ọ̀nà tí a ń gbà dán wọn wò, àti ohun tó máa ń jẹ́ kí wọ́n bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ ni mo fẹ́ kọ síbí.

Odò méjì ló ń ṣàn wọ ìlú yìí. Odò kìíní ni ilé ẹ̀kọ́. Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ ní 1975 lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì dá dúró ní 1977. Pólì Kwara ti wà láti 1973. Yunifásítì Al-Hikmah dé ní 2005, KWASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara, ní Màlété dé ní 2009. Ẹ bọ́ sí apá gúúsù, ẹ ó bá Pólì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀fà láti 1992, Yunifásítì Landmark ní Òmù-Àrán láti 2011, àti IVTEC, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ yẹn kan náà, NCAM wà ní Ìdófìan fún ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, ARMTI náà wà níbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa ìṣàkóso oko. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ tàbí èyí tó ń lọ àgbàdo, kò ní rìn jìnnà kó tó rí ẹni tó lè yà á sórí ìwé kí wọ́n tó gé irin.

Odò kejì ni ìta iṣẹ́, níbi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá títí tí yóò fi ṣe fírídọ́ọ̀mù. Èyí ló pẹ́ jù nínú méjèèjì. Kí Pólì kankan tó dé ni àwọn obìnrin Dada ní Òkèlele ti ń mọ ìkòkò, tí àwọn ahunṣọ Ìlọrin ti ń hun òfì. Lónìí, ẹ rìn láti Táíwò títí dé ọ̀nà Asa Dam, kẹ́ ẹ máa ka wẹ́dà, rìwáyà, kápẹ́ńtà, télọ̀ àti àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ẹ ò ní lè kà wọ́n tán.

Àléébù odò méjèèjì kò jọra. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ ìdí tí bíárìn fi ń gbóná, ó lè ka àwòrán, ó lè kọ ìjábọ̀ tí ọ̀gá tó wà l'Ékòó máa yé, àmọ́ ó lè ṣẹlẹ̀ pé kò tíì tú bíárìn kan rí. Ọmọ ìta iṣẹ́ lè tú gíábọ́ọ̀sì nínú òkùnkùn, yóò sì tò ó padà láìku nọ́ọ̀tì kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kọ ọjọ́ tó yí ọ́ìlì sílẹ̀. Tí òun bá lọ, ìmọ̀ náà bá a lọ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó bá gba ọ̀kan nínú wọn, tó sì fi èkejì sílẹ̀, yóò sanwó ìdajì tó kù lọ́nà mìíràn. Nídìí ìtọ́jú ẹ̀rọ, mo máa ń fara mọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan sí ọmọ ìta iṣẹ́ mẹ́rin.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni owó oṣù. Ẹ gba ọmọ HND tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrúùlú, ẹ fún un ní ìlọ́po méjì owó wẹ́dà tó ti ń jó irin fún ọdún 15, ẹ sì wá ní kí wẹ́dà kọ́ ọmọ náà níṣẹ́. Wẹ́dà ò ní kọ̀. Yóò kàn máa ṣe iṣẹ́ tó le nígbà tí ọmọ náà bá lọ jẹun ni. Ẹ fi owó sí orí ohun tí ọwọ́ lè ṣe, kẹ́ ẹ wá fi díẹ̀ lé e fún ìwé. Ẹ má ṣe é ní òdìkejì.

Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ṣe é lójú yín

Ìwé ẹ̀rí dára. Tíréèdì tẹ́ẹ̀sì wà, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti NABTEB wà, ìwé ẹ̀rí NSQ tí NBTE, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn Pólì, ń bójú tó sì wà, èyí tí wọ́n ti ń wo iṣẹ́ tí èèyàn ṣe gan-an kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ gbà wọ́n wọlé pẹ̀lú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má gbà wọ́n síṣẹ́ láìrí ọwọ́ wọn. Ìdajì ọjọ́ tó. Kẹ́ ẹ sì san owó ìdajì ọjọ́ náà fún wọn, torí ẹni tó pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì kó tó wá, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Fún wẹ́dà, ẹ gé irin pẹlẹbẹ méjì tó nípọn mílímítà 6, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mílímítà 150. Ẹ ní kó fi gíráíńdà fá etí wọn ní ìwọ̀n dìgírì 30, kí méjèèjì tí wọ́n bá kojú síra wọn di V dìgírì 60, kó sì fi àlàfo mílímítà 2 sáàárín wọn. Ẹ fún un ní elẹ́kítíróòdù (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń jó irin) gauge 12, ìyẹn mílímítà 2.5, fún ìpele ìsàlẹ̀, àti gauge 10, mílímítà 3.2, fún ìbòrí. Ẹ má sọ iye iná tó máa lò fún un. Ẹ wo ibi tó máa yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ sí. Tí gauge 12 bá wà láàárín ámípù 70 sí 85, tí gauge 10 sì wà láàárín ámípù 100 sí 125, ọwọ́ yẹn ti ṣe é rí. Ẹni tó bá fi iye kan náà jó méjèèjì, ìta nìkan ló máa jó pọ̀, inú á ṣì là.

Kò tíì tán níbẹ̀. Ojú tó dán kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i. Ẹ gé ọ̀já kan tó fẹ̀ tó mílímítà 40 kọjá lórí ojú jíjó náà, ẹ fi fáìsì dì í mú, ẹ wá fi òòlù ńlá tẹ̀ ẹ́ kí ìsàlẹ̀ ojú jíjó náà lè là síta. Tó bá ṣẹ́, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò. Ìdàrọ́ dúdú tó há sáàárín túmọ̀ sí pé kò fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìpele àkọ́kọ́ kó tó gun orí rẹ̀, tàbí pé iná kéré. Ihò wẹ́wẹ́ bíi ti àkàrà túmọ̀ sí elẹ́kítíróòdù tó ti gbọ̀rinrin, èyí sì wọ́pọ̀ ní oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹwàá tí páálí bá wà nílẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ìlà tààrà tó mọ́ ní ìsàlẹ̀, tí etí irin tí ó fá ṣì hàn gbangba, túmọ̀ sí pé irin méjèèjì kò kan ara wọn rárá. Àléébù méjì àkọ́kọ́ ṣeé kọ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìkẹta gba oṣù díẹ̀. Ẹ sì wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń jó o: ẹni tó bá ń fi awò òòrùn ojú títì jó irin dípò gíláàsì nọ́ńbà 10 tàbí 11, ẹ lè gbà á, àmọ́ ẹ ra gíláàsì lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún oníná, ẹ gbé mọ́tò fésì mẹ́ta oní-HP 2 sílẹ̀, kọ́ńtákítọ̀ kan (tó ń tan mọ́tò tó sì ń pa á), ófálóòdù kan (tó ń já tí mọ́tò bá fa iná jù), bọ́tìnnì tútù (aláwọ̀ ewé, tó ń mú un ṣiṣẹ́) àti pupa (tó ń dá a dúró). Ẹ ní kó so ó kó ṣiṣẹ́. Àṣìṣe mẹ́ta ló máa fi ẹni tí ọwọ́ ò tíì gún hàn. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tútù, tí mọ́tò yí, tí ẹ yọwọ́, tó sì dákẹ́, kò so ẹsẹ̀ 13 àti 14 kọ́ńtákítọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì tútù. Ìyẹn kéré. Èkejì ni pé kò gba iná kọ́ńtákítọ̀ kọjá ní ẹsẹ̀ 95 àti 96 ófálóòdù, nítorí náà ófálóòdù á já, kọ́ńtákítọ̀ á ṣì di mọ́tò mú títí tí yóò fi jó. Ẹ̀kẹta ló ń na ilé iṣẹ́ lówó jù: ó yí ófálóòdù dé òpin kó má bàa máa já. Iye tó wà lára àwo irin kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mọ́tò ló yẹ kó lò, èyí tó máa ń wà ní bíi ámípù 3.5 fún HP 2 lórí fóòtì 400. Fésì kan máa ń lọ, méjì á sì kù. Mọ́tò tí ófálóòdù rẹ̀ wà níbi tó yẹ á dúró, èyí tí wọ́n yí dé òpin á gbóná, á sì kú. Nítorí náà, lẹ́yìn tó bá so ó tán, ẹ yọ fúúsì kan níṣojú rẹ̀, ẹ ní kó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ìdáhùn yẹn ju ìwé ẹ̀rí mẹ́ta lọ.

Télọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìlà ṣọ̀wọ́n

Ibí ni mo ti rí i pé àwọn olókòwò máa ń ṣìrò jù. Wọ́n á rí i pé télọ̀ wà ní gbogbo òpópónà Ìlọrin, wọ́n á ní iṣẹ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí aṣọ ilé ìwòsàn ti rọrùn. Télọ̀ tó mọ̀ ọ́n rán bùbá àti ṣòkòtò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀gá ni nínú ìsọ̀ tirẹ̀. Ẹ gbé e sí ìlà, níbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń rán apá kan ṣoṣo lára aṣọ, ẹ ní kó máa rán ọrùn nìkan láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ti sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́ padà nìyẹn. Ohun tó mọ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹ fẹ́ lọ, ohun tí ẹ fẹ́ gan-an, ìyẹn kó yára kó sì rí bákan náà ní ìgbà 300, kò ṣe é rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní polo kan gba ìṣẹ́jú 12 láti ìsopọ̀ èjìká títí dé bọ́tìnnì, tí ẹni 20 sì jókòó nídìí ẹ̀rọ fún wákàtí 8. Ìṣẹ́jú 480 lọ́nà 20 jẹ́ 9,600. Ẹ fi 12 pín in, 800 ni. Iye yẹn ni wọ́n máa ń sọ fún oníbàárà, iye yẹn náà ló sì máa ń dójú tì wọ́n. Ìlà tuntun tó jẹ́ télọ̀ ìsọ̀ ló kún inú rẹ̀, tó bá dé ìdá 40 nínú 100 ní oṣù àkọ́kọ́, ó ti gbìyànjú. 320 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ́ wọn dáadáa, 480 lè dé lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta.

320 náà kò sì ní dé tí ìlà kò bá dọ́gba. Ìṣẹ́jú 12 pín sí ọ̀nà 20 jẹ́ 0.6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ríran ọrùn mọ́ ara aṣọ bá gba ìṣẹ́jú 1.5, ẹni 2.5 ló yẹ kó wà nídìí ọrùn, ìyẹn ẹni mẹ́ta. Ẹ fi ẹnì kan síbẹ̀, tí agbára rẹ̀ sì wà ní ìdá 60, aṣọ 192 ló máa kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni 19 yòókù ì báà jẹ́ ìjì, 192 ni gbogbo ilé máa rí. Ẹ ó mọ ibi tó há sí láìlo kọ̀ǹpútà: ẹ wo ibi tí aṣọ ti ń ga bí òkè nílẹ̀, àti ibi tí àwọn tó tẹ̀ lé e ti ń fi fóònù ṣeré.

Ẹ̀rọ pàápàá lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó fi Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ kọ́ṣẹ́ máa ń fi gbogbo ìwọ̀n ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ iná, èyí tó lè sáré kọjá 4,000 ìrán ní ìṣẹ́jú kan. Òwú á já, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́, ẹ̀rù á bà á. Tí ẹ̀rọ bá ní mọ́tò servo, ẹ dín eré rẹ̀ kù sí bíi 2,000 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ fún wọn ní bébà tí wọ́n fa ìlà sí, láìsí òwú nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n máa rán tẹ̀ lé ìlà náà títí tí ẹsẹ̀ wọn yóò fi rọ̀. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ló bá aṣọ òwú tó nípọn díẹ̀ mu. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó ṣẹ́, kì í ṣe ìgbà tó bá ṣẹ́. Tó bá sì ṣẹ́, ẹ kó gbogbo èékù rẹ̀ jọ kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú, pàápàá tó bá jẹ́ aṣọ ọmọdé.

Télọ̀ tó dára ní oníbàárà tirẹ̀ nílé. Ìgbà tí Iléyá bá kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti ìgbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ara àwọn kan ò ní yá. Kò sí ìdí láti bínú. Ọjọ́ Iléyá máa ń fi bíi ọjọ́ 10 tàbí 11 yá ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, ẹ lè kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹ dín iye tí ẹ ṣèlérí fún oníbàárà kù lóṣù náà, kẹ́ ẹ sì fi owó ìpésẹ̀ lé owó oṣù ẹni tí kò bá pa ọjọ́ kankan jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ rí alága ẹgbẹ́ iṣẹ́ náà fúnra yín. Ẹ má fi fóònù ránṣẹ́, ẹ má sì rán ọmọdé sí i. Ẹ kí i, ẹ jókòó, ẹ sọ iye ẹni tí ẹ fẹ́ àti owó tó wà níbẹ̀. Òun ló mọ ẹni tó ṣe fírídọ́ọ̀mù tí kò tíì rówó ra ẹ̀rọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń dúró pẹ́ jù.

Ọmọ IT àti àgùnbánirọ̀

SIWES, ètò tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, tí a mọ̀ sí IT, ti wà láti 1973, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń lò ó bó ṣe yẹ kò pọ̀. Ọmọ Pólì máa ń lo oṣù mẹ́rin, ti yunifásítì nínú àwọn ẹ̀ka bí ìmọ̀ ẹ̀rọ sì máa ń lo oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wúlò jù fún yín ni ọmọ tó parí ND, tó ń ṣe IT ọlọ́dún kan kó tó padà lọ ṣe HND. Ọdún kan gbáko lẹ fi ń wo ìwà àti ọwọ́ rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka SIWES ilé ẹ̀kọ́ ní bíi oṣù méjì ṣáájú, ẹ dárúkọ ẹ̀ka ìmọ̀ tí ẹ fẹ́ àti iye rẹ̀. Ẹ má kọ "ẹnikẹ́ni tó bá wà". Ẹ gba mẹ́fà, kẹ́ ẹ ní in lọ́kàn pé méjì lẹ máa dá dúró. Ẹ fọwọ́ sí ìwé logbook wọn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ, kẹ́ ẹ sì kún Fọ́ọ̀mù 8 ti ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́, kó má bàa dí wọn lọ́wọ́.

Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ kò ju pé wọ́n ń rán ọmọ náà lọ ra ìrẹsì lọ. Ọ̀sẹ̀ 16 á kọjá, ẹni tó mọ ọ̀nà ilé onírẹsì lẹ ní, ẹ kò ní òṣìṣẹ́.

Àwọn àgùnbánirọ̀ tó bá kúrò ní àgọ́ Yikpata, ẹ lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì NYSC ìpínlẹ̀ láti béèrè ẹni tó kọ́ ohun tí ẹ nílò. Wọ́n wá láti ibi gbogbo, púpọ̀ ló máa padà sílé. Nítorí náà ẹ gbé iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin fún wọn: kí wọ́n kọ ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ yín sílẹ̀, kí wọ́n to àkọsílẹ̀ ọjà, kí wọ́n ya àwòrán àwọn apá ẹ̀rọ tí kò ní àwòrán.

Owó àti òfin, ní kúkúrú

Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000 láti 2024. Òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ti gbọ́ iye náà, ẹni tí ẹ bá gbà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wá ibòmíràn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Tí iye òṣìṣẹ́ yín bá pé 15, owó ìfẹ̀yìntì di dandan, ẹ̀yin 10, òun 8 nínú 100. NSITF jẹ́ 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo, òun ló ń dúró fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Owó orí òṣìṣẹ́ ń lọ sí KW-IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Kwara, kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá.

Ti ITF ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí owó yín wà níbẹ̀ tí ẹ ò gbà. Ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọjà tó tà lọ́dún tó ₦50,000,000, gbọ́dọ̀ san 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù ọdún. Òṣìṣẹ́ 30 tó ń gba ₦100,000 lóṣù, ₦36,000,000 ni lọ́dún, ITF jẹ́ ₦360,000. Tí ẹ bá kọ́ wọn níṣẹ́ tí ẹ sì ní ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n lè dá tó ìdajì padà, ìyẹn ₦180,000. Ẹ̀rí náà ni ìwé ìpésẹ̀ tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí, ohun tí wọ́n kọ́, ọjọ́ rẹ̀, àti rìsíìtì. Ẹni tó bá kọ́ wọn láìkọ nǹkan kan sílẹ̀ ti fi owó náà ta ITF lọ́rẹ.

Ibi tí wọ́n ń sùn, àti aago

Kẹ́ ẹ tó yan ilẹ̀, ẹ mú máàpù, ẹ fi àmì sí ibi tí ogún ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ fẹ́ gbà ń gbé. Òṣìṣẹ́ láti Tanke sí Asa Dam máa wọ kẹ̀kẹ́ tàbí kọ̀rọ́pe méjì, nígbà míì mẹ́ta. Láti Òkèlele sí Gánmọ̀, ọ̀nà tún gùn. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ oṣù kan, ẹ fi wé owó oṣù. Tó bá ti lé ní ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń kọ́ ọ pé kó máa pẹ́ dé, kó sì lọ nígbẹ̀yìn. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ kan tó gba Ọ̀fà Gàráàjì àti Challenge lè wọ́n ní ojú, ṣùgbọ́n ó máa ń dín ìfiṣẹ́sílẹ̀ kù ju àfikún owó lọ. Iṣẹ́ tó bá parí ní aago 10 alẹ́ láìsí ọkọ̀, obìnrin ò ní ṣe é, ìdílé wọn ò sì ní gbà.

Ìlọrin ni a wà. Ọjọ́ Jímọ̀, láti aago 1 títí dé 2:30, ẹ má gbìyànjú láti mú ìlà dúró síṣẹ́. Ẹ gbé oúnjẹ ọ̀sán síbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú láàárọ̀. Nínú Ramadan, aago 7 sí 3 ló bá ara mu, kí iṣẹ́ tó gba agbára tàbí tó sún mọ́ iná wà láàárọ̀. Ilé iṣẹ́ tó fi èyí sínú ètò láti ilẹ̀ máa ń rí iṣẹ́ gbà ju èyí tó ń bá wọn jà lọ.

Ní ti iná, ẹ má bèèrè nípa àdúgbò, ẹ bèèrè nípa fíídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá síbẹ̀. Ilé méjì lè kọjú síra wọn, kí ọ̀kan wà lórí Band A, tí wọ́n ṣe ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, kí èkejì wà ní ìsàlẹ̀. Fún ọ́fíìsì ẹni 20 tó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká, wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ráútà àti gílóòbù, ẹ ka á sí kìlówáàtì 1.5. Wákàtí 6 jẹ́ 9 kWh, bátìrì líthíọ́mù 10 kWh lè gbé e, àmọ́ díẹ̀ ló máa kù. Ìyẹn ṣe pàtàkì torí iṣẹ́ ọ́fíìsì tí a ń ṣe fún òkèèrè bá Ìlọrin mu dáadáa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wa àti ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ọ̀kan náà, ìgbà òtútù a fi wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Nupe àti Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní ìlú yìí láìjẹ́ pé ẹ kó wọn wá láti ibòmíràn. Fún ilé iṣẹ́ tó ń dáhùn ìpè oníbàárà láti Kwara títí dé Niger, ìyẹn lówó lórí.

Ohun tó ń mú wọn lọ

Èkó, Àbújá, òkèèrè, iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi dọ́là san. Ẹ ò lè bá dọ́là dù ú. Ẹ lè jẹ́ kí ẹni tó ń lọ fi nǹkan sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń gba ojúlówó ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ pamọ́ kó má bàa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó fẹ́ lọ máa lọ, yóò sì bà yín lórúkọ jẹ́ nínú ẹgbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó dé gàráàjì. Tí ẹ bá ná owó gidi lórí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ kọ àdéhùn tí gbèsè náà ń dín kù lóṣooṣù: ẹ̀kọ́ ₦240,000, oṣù 12, ₦20,000 ń kúrò lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lọ lẹ́yìn tí oṣù mẹ́sàn-án pé á dá ₦60,000 padà. Ó yé tọ̀tún tòsì.

Èyí tó tún ń di ọwọ́ mú ni àkàbà tó hàn. Ìpele mẹ́rin tó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ẹni náà gbọ́dọ̀ lè ṣe láìsí olùrànlọ́wọ́, kí owó rẹ̀ sì wà lára ògiri. Ní ìpele kejì oníná, ó lè so stàtà mọ́tò, ó sì lè wá ibi tí fésì ti já. Ní ìkẹta, ó lè kọ́ ẹlòmíràn. Owó ìpele ìkẹta ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó fò jù, torí ẹni tó ń kọ́ni lẹ ń sanwó fún.

Fún àwọn ọlọ́wọ́ iṣẹ́, ẹ ronú nípa irinṣẹ́. Wẹ́dà tó rí irinṣẹ́ tirẹ̀ gbà láti ilé iṣẹ́, tó ń san án lára owó oṣù fún oṣù 18, tó sì di tirẹ̀ lẹ́yìn náà, kì í sáré lọ láàárín oṣù 18 yẹn. Nígbà tó bá sì lọ dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Gánmọ̀ tàbí Ọ̀fà, ó máa ń di ẹni tí ẹ ń pè nígbà tí iṣẹ́ bá kún àkúnya. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri ìtọ́jú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó bá ń lọ, lábẹ́ ti oníná, kẹ́ ẹ sì kọ irú irin tó mọ̀ ọ́n jó jù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.